Ewé Ni Ilé Ìdáná Ohun Ọ̀gbìn



Ẹ gbin hóró àgbàdo kan. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ẹ ti ya ọmọ àgbàdo tí hóró rẹ̀ lè ju 300 lọ. Níbo ni gbogbo oúnjẹ yìí ti wá? Ọ̀pọ̀ wa yóò ní, "Láti inú ilẹ̀ ni." Ìdáhùn yìí kò tíì kún tó.

Igi inú ìkòkò

Ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan gbin igi kékeré sínú ìkòkò ńlá. Jan Baptist van Helmont ni orúkọ rẹ̀, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. Ó kọ́kọ́ wọn erùpẹ̀ ìkòkò náà. Ó tó nǹkan bí kílò 90. Omi nìkan ni ó ń bu sí i. Lẹ́yìn ọdún 5, igi náà ti fi nǹkan bí kílò 74 wúwo sí i. Erùpẹ̀ ńkọ́? Èyí tí ó dín nínú rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ!

Ó rò pé omi nìkan ni ó di igi. Kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ àti oòrùn wà nínú rẹ̀. Ní 1779, dókítà ọmọ ilẹ̀ Họ́láàndì kan, Jan Ingenhousz, fi hàn pé láìsí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ewé tútù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Bí ewé ṣe ń se oúnjẹ

Ẹni tí ó fẹ́ ro ọkà nílò omi, ìyẹ̀fun àti iná. Ewé náà nílò ohun 3:

- Omi. Gbòǹgbò ni ó ń fà á láti inú ilẹ̀.
- Afẹ́fẹ́. Ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí wà lára ewé. Ibẹ̀ ni irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde ń gbà wọlé.
- Iná. Oòrùn ni iná rẹ̀. Àwọ̀ tútù ara ewé ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ náà mú.

Ewé pa wọ́n pọ̀, wọ́n di ṣúgà. Ṣúgà yìí ni ohun ọ̀gbìn fi ń dàgbà. Ó ń kó ìyókù pamọ́ sínú hóró àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gẹ́. Fọ́nrán òwú pàápàá, tí a torí rẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ sí Datcha, ṣúgà ewé ni ó di fọ́nrán. Bí ewé ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tú afẹ́fẹ́ rere tí à ń mí sínú jáde.

Kí wá ni iṣẹ́ ilẹ̀? Ilẹ̀ ń fún ewé ní omi, ó sì ń fún un ní èròjà díẹ̀, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Iyọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ kò ṣe é jẹ.

Ohun tí ẹ lè ṣe lóko

1. Ẹ tètè ro oko. Èpò ń gba oòrùn, omi àti èròjà mọ́ àgbàdo lọ́wọ́. Ẹ ro ó kí ọ̀sẹ̀ 3 tó pé lẹ́yìn gbígbìn. Bí èpò bá ti bo àgbàdo mọ́lẹ̀, ríro kò lè dá gbogbo ohun tí ó sọnù padà.

2. Ẹ má gbìn ín há jù. Ewé tí ó wà lábẹ́ òjìji kò rí iná dáná.

3. Ẹ ri ọ̀pá fún iṣu. Bí ìtàkùn rẹ̀ bá gun òkè, ewé rẹ̀ yóò rí oòrùn, iṣu yóò sì tóbi.

4. Bí ewé àgbàdo bá ń pọ́n láti ìsàlẹ̀, ó lè jẹ́ pé èròjà ilẹ̀ ti tán. Ẹ fi ajílẹ̀ sí i. Lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà síbẹ̀, nítorí wọ́n ń tún ilẹ̀ ṣe.

5. Ẹ má gé gbogbo ewé ọ̀dùnkún fún ewúrẹ́. Ẹni tí ó wó ilé ìdáná, kí ni yóò jẹ?

6. Ẹ má sun koríko gbígbẹ. Ẹ fi bo ilẹ̀ kí omi má baà gbẹ. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ewé, yóò pa ihò ara rẹ̀ dé, kò sì ní lè se oúnjẹ.

Ẹ dán an wò

Ẹ da igbá bo koríko tútù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ṣí i. Ẹ fi wé koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ni ẹ rí? Èwo nínú oko yín ni ó wà lábẹ́ irú igbá bẹ́ẹ̀?