Àáró Fún Àwọn Arúgbó Ilé

Àwọn baba wa a máa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ńbẹ li Èkó tàbí li òkè òkun. Owó ń dé. Ọwọ́ kò dé.

Ẹni tí ó kù nílé, ìbáà ṣe aya ọmọ tàbí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, òun li ó ń ru gbogbo ẹrù. Òun ni í pọnmi, òun ni í se omi ìwẹ̀, òun ni í rántí egbòogi ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ni í jí lóru bí arúgbó bá wúkọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ iye tí èyí ń ná ènìyàn: bí ìsọ̀ bá wà ní títì fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta, oníbàárà a bá ẹlòmíràn lọ, owó ọjà a sì di owó egbòogi. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í ráhùn, kí a má baà sọ pé kò fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ̀.

Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú. Li ọdún 2011 Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣooṣù. Li ọdún 2012, nígbà Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, Ọ̀ṣun dá ètò Àgbà Ọ̀ṣun sílẹ̀, ₦10,000 lóṣù. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n náírà kì í pọnmi, kì í sì í di ènìyàn lọ́wọ́ mú dé balùwẹ̀. Ìjọba yìí kan náà sì ti kó 20,000 ọ̀dọ́ jọ sínú OYES fún iṣẹ́ ìlú, pẹ̀lú owó díẹ̀ lóṣù. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè wí fún wa pé àwọn ọ̀dọ́ kì í jẹ́ ìpè.

Ní oko, ojú kì í ti ẹnikẹ́ni láti ṣe àáró: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Èéṣe tí ojú fi ń tì wá nínú ilé? Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ àsàlátù àti àwọn ọ̀dọ́ agboolé lè pín ọjọ́ láàrin ara wọn, wákàtí méjì péré li ọjọ́ ọjà, kí olùtọ́jú lè dé ìsọ̀ rẹ̀. Kí baálé mọ orúkọ ẹni tí ń wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì gba owó arúgbó pamọ́.

Kí olùrànlọ́wọ́ má sì ṣe gba iṣẹ́ tí ìyá ṣì lè ṣe. Bí ó bá lè já ewé ẹ̀fọ́, ẹ jẹ́ kí ó já a. Bí ó bá fẹ́ gbá iwájú ilé, ẹ fún un ní ìgbálẹ̀, kí ẹ dúró tì í. Agboolé tí ó bá ní ọ̀dọ́ mẹ́rin lè bẹ̀rẹ̀ li ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀.