Ọmọ Tùnísíà Tí Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀ Kò Fi Sílẹ̀



Ǹjẹ́ ẹ rántí Iléyá ọdún 2022? Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje. A ti kí ìrun Yídì dé, wọ́n ti dú ẹran, ẹ̀yin ìyá sì wà nídìí iná. Bí aago méjì ọ̀sán ti lù lọ́dọ̀ wa náà ni ó lù ní Tùnísíà àti ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ní àkókò yẹn nínú ọdún, aago àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa bá tiwa mu. Ní wákàtí náà gan-an ni obìnrin Mùsùlùmí kan, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, jáde sórí koríko Wimbledon láti gbá àṣekágbá tẹ́níìsì. Ons Jabeur ni orúkọ rẹ̀. Ní ìlú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jókòó ti amóhùnmáwòrán lọ́jọ́ ọdún náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń hó fún un ni mo fẹ́ bá yín sọ, ju ti òun tìkára rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ilé wa.

Ìlú Ksar Hellal ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1994. Ìyá rẹ̀, Samira, ni ó mú un lọ sí pápá tẹ́níìsì nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní 2011 ó gba ife àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní ìdíje ńlá ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn èyí, ó ṣe làálàá fún ọdún mọ́kànlá gbáko kí ó tó dé àṣekágbá ìdíje ńlá ti àwọn àgbà. Òun ni obìnrin Lárúbáwá àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀, kò sì sí obìnrin Áfíríkà kan tí ó dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀ láti ọdún 1968 wá. Nítorí ẹ̀rín tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́ ní Wazīrat as-Sa‘āda, èyíinì ni Mínísítà Ayọ̀.

BÍ WỌ́N TI Ń HÓ NÍ WIMBLEDON

Láti ọdún 1877 ni wọ́n ti ń gbá tẹ́níìsì níbẹ̀, ariwo wọn kò sì dà bí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà ṣáájú a máa tò sórí ìlà. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ pàgọ́ sùn mọ́jú nítòsí ibẹ̀. Àwọn tí kò ráyè wọ pápá ńlá a jókòó sórí koríko òkè kékeré kan nínú ọgbà náà, wọn a máa wo eré lójú amóhùnmáwòrán gbàgbà.

Pápá ńlá náà gba ènìyàn bí 15,000. Síbẹ̀, bí agbátẹ́níìsì bá ti fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sókè láti gbá a, gbogbo wọn a pa rọ́rọ́. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kú ni ariwo tó ń sọ. Bí ẹnì kan bá kánjú pariwo, adájọ́ orí àga gíga yóò ní kí ó dákẹ́. Ẹni tí a kọ́ níwà kì í pàtẹ́wọ́ sí àṣìṣe ẹni kejì. Iṣẹ́ tí ó dára ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ìbáà jẹ́ ti alátakò.

Jabeur pàápàá fi èyí hàn. Kí ó tó dé àṣekágbá 2022, ó borí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tatjana Maria, ará Jámánì, abiyamọ ọlọ́mọ méjì. Nígbà tí eré parí, Jabeur kò dá dúró gba ìyìn. Ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ padà sí àárín pápá, kí àwọn ènìyàn lè pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì.

ÌPÀDÁNÙ LẸ́Ẹ̀MẸ́TA

Abala mẹ́ta ni eré obìnrin. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ méjì ni ó borí. Ní ọjọ́ Iléyá náà, Jabeur jẹ abala kìíní, 6-3, ṣùgbọ́n Elena Rybakina ti ilẹ̀ Kazakhstan jẹ méjì tí ó kù, 6-2, 6-2. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ó tún pàdánù àṣekágbá ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ Iga Swiatek.

Ní 2023 ó padà sí Wimbledon. Ó borí Rybakina, ó borí Aryna Sabalenka, ó sì tún dé àṣekágbá. Marketa Vondrousova ti ilẹ̀ Czech ni ó kù. Jabeur ṣíwájú 4-2 ní abala kìíní, ó ṣíwájú 3-1 ní èkejì, ó sì pàdánù méjèèjì, 6-4, 6-4. Ó sunkún níwájú gbogbo ayé. Ó ní ìpàdánù yìí ni ó dun òun jù lọ láti ìgbà tí òun ti ń gbá tẹ́níìsì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igi dá, ẹyẹ fò, ni ti àwọn tí ń hó fún un. Wọ́n dìde dúró, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un títí.

Ọmọbìnrin mi tí a jọ ń wò ó sunkún pẹ̀lú. Ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ àdúrà wa ni?” Mo ní, “Ó gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìyá ẹnì kejì náà ń fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ borí.” Nígbà náà ni mo sọ fún un pé ní 2022, Vondrousova wá sí Wimbledon bí òǹwòran lásán. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọrùn ọwọ́, wọ́n sì fi P.O.P. dì í; ó wá hó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn ní èṣí ni a ń pàtẹ́wọ́ fún lónìí. Ọmọ náà nu ojú rẹ̀.

ARIWO TÍ Ó LÓRÓ

Ẹ̀yin òbí, ariwo mìíràn wà tí kì í ṣe ti ìfẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, WTA àti ITF, àwọn àjọ tí ń ṣe àkóso tẹ́níìsì, gbé ìròyìn jáde nípa èébú tí wọ́n kọ sí àwọn agbátẹ́níìsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2024. Agbátẹ́níìsì 458 ni ó kàn. Nínú èébú 100, nǹkan bí 40 ni ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ata-tẹ́tẹ́ wá, tí owó wọn ti bọ́ sómi. Ẹ kò rí i bí! Ẹni tí ó fi owó lé orí ọmọ ọlọ́mọ kò fẹ́ràn rẹ̀. Owó rẹ̀ ni ó ń wò. Ojúkòkòrò ni baba ọ̀kánjúwà. Abájọ tí Àlùkùránì fi kọ tẹ́tẹ́ fún wa.

Ní oṣù keje ọdún 2025, Jabeur kéde pé òun yóò fi eré sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láti sinmi, nítorí pé ó ti pẹ́ tí inú òun kò ti dùn lórí pápá. Mínísítà Ayọ̀ wá ayọ̀ fún ara rẹ̀ tì. Olólùfẹ́ tòótọ́ ni yóò sọ fún un nígbà náà pé, “Lọ sinmi, a kò bínú.”

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo eré nínú ilé, ẹ yan ẹni tí ẹ fẹ́, ẹ sì hó dáadáa. Bí ìrun bá tó, ẹ dìde kírun. Eré kì í ṣáájú ìrun. Ẹ má jẹ́ kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bú ara wọn nítorí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nìyí: nígbà tí ọmọ yín bá gbé ipò ìkẹyìn bọ̀ láti ilé-ìwé, tàbí tí ó gbàgbé sūra rẹ̀ níwájú àwùjọ lọ́jọ́ wọ́líìmọ̀, ẹ rántí àwọn tí ó dìde ní Wimbledon. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ẹ jẹ́ kí ó rí ojú yín níwájú náà, kí ó sì gbọ́ àtẹ́wọ́ yín.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a dá nìkan wà lọ́jọ́ tí a bá ṣubú. Āmīn.