Igi Tó Ń Sọ̀kalẹ̀ Kó Tó Gòkè

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Àgbàdo yẹn kò tíì jinná, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Gbogbo igi tí ẹ mọ̀, ilẹ̀ ló ti ń hù lọ sókè. Èyí tí mo fẹ́ sọ, òkè ló ti ń bọ̀ wálẹ̀.

Ọ̀dán ni. Òun ni àwọn baba wa ń gbìn síwájú ààfin àti sáàárín ọjà nítorí ibòji. Bí wọ́n bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tútù, tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, igi dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn kò gbìn ni ìyanu. Bí ẹ bá wọkọ̀ ní Alákijà, tí ẹ dorí kọ ọ̀nà Àgbádárìgì, ẹ máa wo àwọn ọ̀pẹ tó kù lẹ́bàá ọ̀nà dáadáa. Ẹyẹ tàbí àdán á jẹ èso ọ̀dán, á yàgbẹ́ sórí ọ̀pẹ, níbi tí kùkùté imọ̀ ti gba iyẹ̀pẹ̀ àti omi òjò dúró. Ibẹ̀ ni kóró á ti hù. Kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Òjò àti ìrì ló ń mu. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbòǹgbò tín-ín-rín wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí gbòǹgbò yẹn bá kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ yí nìyẹn. Á sanra, á yà, á tún lẹ̀ mọ́ra, títí á fi di àwọ̀n yí ọ̀pẹ ká.

Àwọn kan ní ńṣe ló ń fa ọ̀pẹ lẹ́jẹ̀. Irọ́ ni. Àfòmọ́ ló ń ṣe ìyẹn. Ọ̀dán ń wá oúnjẹ ara rẹ̀. Oòrùn ló ń gbà mọ́ ọ̀pẹ lọ́wọ́. Tí ewé rẹ̀ bá ti ga ju imọ̀ lọ, abẹ́ òkùnkùn ni ọ̀pẹ wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Ta ló ti rí òdòdó ọ̀dán rí nínú yín? Kò sí. Inú èso ló wà. Kòkòrò kan tó jọ agbọ́n, tí kò tó èèrà, ló ń gba ihò ẹnu èso wọlé. Ihò náà há débi pé ìyẹ́ rẹ̀ ń já síta. Á fi lẹ́búlẹ́bú tó gbé wá kan àwọn òdòdó inú ibẹ̀, á yé ẹyin, á kú síbẹ̀. Àwọn akọ ọmọ rẹ̀ kì í ní ìyẹ́. Wọ́n á gun àwọn abo, wọ́n á gbẹ́ ọ̀nà fún wọn láti jáde. Inú èso ni a ń bí àwọn akọ náà sí, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń lo ayé wọn.

Ọ̀dán ní ìbátan kan ní Íńdíà, banyan lorúkọ rẹ̀. Èyí ń ta gbòǹgbò láti ara ẹ̀ka. Gbòǹgbò á kanlẹ̀, á di òpó, ẹ̀ka á tún nà síwájú. Ọ̀kan wà nínú ọgbà kan ní Howrah, òdìkejì odò sí Kolkata, tó ti lé ní 250 ọdún. Ìjì jà á ní 1864, ó tún jà á ní 1867, àwọn ẹ̀ka ńlá ṣẹ́. Irú olú tó ń hù lára igi wọ ojú ọgbẹ́, ìdí igi gan-an jẹrà. Ní 1925, wọ́n gé ìdí náà kúrò.

Igi wo ni wọ́n ń yọ ìdí rẹ̀ tó tún wà láàyè? Ó wà o! Àwọn òpó rẹ̀, tó lé ní 3,000, ló gbé e ró. Ilẹ̀ tó bò ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ. Wọ́n la ọ̀nà yí i ká, ó ta kọjá ọ̀nà.

Gbádébọ̀, má rẹ́rìn-ín. Èyí tó yọ láàárín búlọ́ọ̀kù ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, ọ̀dán ni. Lọ́la, kí oòrùn tó mú, fà á tu tòun ti gbòǹgbò. Bí o bá ṣẹ́ orí rẹ̀ lásán, yóò tún hù, lánlọ́ọ̀dù kò sì ní gbà pé ẹyẹ ló gbìn ín.