Ìgbà Wo Lò Ń Bèèrè? Ẹja àti Àsìkò ní Ọ̀sà Lẹ́kkí

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí Ìwòpin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti fa ìlà sí: orúkọ ẹja lápá òsì, àlàyé lápá ọ̀tún. Orúkọ ẹja ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé, mo sì ti rò ó pé ọjọ́ kan péré ni yóò gbà mí. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, irú ẹja wo lẹ ń pa níbí? Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo ni mo ń bèèrè. Mo ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín.

Ìbéèrè bàbá yẹn ló tú iṣẹ́ mi ká, òun náà ló sì tún un tò. Ẹni tó bá ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó bíi tiwa, títù àti sáwà inú áìsì ló ń rà, ìyẹn kò sì mọ òjò yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹja ọ̀sà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú omi tí à ń sọ. Ọ̀sà Lẹ́kkí wà láàárín ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 247 níbùú lóròó, síbẹ̀ kò jìn: ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò tó mítà 3, ibi tó sì jìn jù kò ju mítà 6.4 lọ. Odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó ń da omi sínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà tó gbà dé òkun jìnnà, nítorí ó di kí omi rẹ̀ gba inú ọ̀sà Èkó kọjá kó tó dé ẹnu òkun. Ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi jẹ́ omi aláìníyọ̀, tí iyọ̀ òkun kì í sábà dé ibẹ̀. Nínú kíláàsì, a máa ń pe omi tó dúró sójú kan ní adágún, a sì fi ọ̀sà fún omi tó bá òkun tan. Bí a bá fi ojú ẹja wò ó, ó sún mọ́ adágún ju bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí lọ. Àwọn tó ń gbé létí rẹ̀ kò tilẹ̀ fi ìyẹn ṣe wàhálà. "Omi" lásán ni wọ́n ń pè é.

Láti nǹkan bí oṣù kẹfà ni òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún odò. Ó máa ń dẹwọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà wá pẹ̀lú agbára ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, nígbà náà lomi sì máa ń ga jù. Nítorí pé ọ̀sà yìí kò jìn, omi kò lọ sísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Ó ń wọ inú àbàtà àti koríko, ẹja sì ń tẹ̀ lé e. Oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, ibi ìsápamọ́ wà fún ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá na àwọ̀n sáàárín ọ̀sà lásìkò yìí lè máa fa omi lásán, nítorí ẹja ti fọ́n ká. Ìgèrè ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n á dẹ ẹ́ sí ojú ọ̀nà tóóró tí ẹja ń gbà wọ inú koríko. Ẹnu ìgèrè rọrùn láti wọ̀, kò rọrùn láti jáde.

Àrọ̀ ni ìgèrè ń mú dáadáa nínú àbàtà. Ó lè mí afẹ́fẹ́ lókè omi, nítorí náà ẹrẹ̀ tí ẹja mìíràn ò lè gbé, ó ń gbé e. Ẹpìyà náà ń wá etí omi, irú kan sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé akọ ló ń fi ẹnu gbé ẹyin kiri títí ọmọ á fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹja tó gbà mí lọ́kàn jù ni ọ̀sàn. Ó gùn bí ejò, kò ní lẹbẹ ìrù, ó sì lè wẹ̀ síwájú kó tún wẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́dún 1951, Hans Lissmann ní Cambridge fi hàn pé ẹja yìí ń tú iná mànàmáná tí kò lágbára jáde láti ìrù rẹ̀, òun ló fi ń mọ ohun tó yí i ká nínú omi dúdú. Nígbà tí omi bá kún, á fi koríko hun ìtẹ́ tó ń léfòó, á yé nǹkan bí 1,000 ẹyin síbẹ̀, á sì máa ṣọ́ ọ. Ó ń bu ènìyàn jẹ tó bá sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Apẹja tó bá rí ìtẹ́ yìí ti mọ ibi tí òbí wà. Owó ńlá ni ọ̀sàn, nítorí náà kì í rọrùn láti fojú fò ó.

Láti oṣù kọkànlá lomi ti ń fà. Ẹja tó ti fọ́n sínú àbàtà á padà sínú ọ̀sà, àyè á há fún wọn, àwọ̀n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kejì, ibòmíràn wà tí ọ̀pá ìtukọ̀ ń kan ilẹ̀ láìsí ìyọnu. Àsìkò yìí ni wọ́n ń fi owó ẹja san gbèsè àti owó iléèwé ọmọ. Àwọn ìyá tó ń ra ẹja létí omi, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọjà Òlúwo ní Ẹ̀pẹ́, máa ń yá ọkọ̀ tàbí àwọ̀n fún apẹja nígbà òjò, wọ́n á sì gba ẹja dípò rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ò bá mú ẹja wá, ilé méjì ni kò ní rówó.

Adágún Chad lókè ọya kò jìn náà, ṣùgbọ́n àsìkò tirẹ̀ yí padà sí tiwa. Omi òjò tó ń ti gúúsù wá gba inú odò Chari máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà débi pé ìgbà ọyẹ́, nígbà tí tiwa ń fà, ni tiwọn ń kún. Nǹkan bíi kìlómítà 25,000 níbùú lóròó ni adágún náà lọ́dún 1963. Kí ọdún 1990 tó dé, kò tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn mọ́.

Tiwa kò gbẹ. Ohun tó ń dà á láàmú jẹ́ mìíràn. Lọ́dún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ewéko omi olódòdó àlùkò kan ní Badagry, tó gba ọ̀nà omi Porto-Novo wọlé. Èmi náà kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé mi ní ojúoró, ìyá kan ló tún mi ṣe: ojúoró ti wà tipẹ́, kì í sì í ní òdòdó àlùkò. Iyọ̀ òkun ló ń pa ewéko yìí, ọ̀sà Lẹ́kkí kò sì níyọ̀. Nígbà òjò ó máa ń tẹ́ bí ẹní, ọkọ̀ kò ní lè kọjá, àwọ̀n á fà ya.

Ohun kejì wà lọ́wọ́ àwa ènìyàn. Ọ̀bọ̀kún fẹ́ràn ihò láti yé ẹyin sí. Àwọn apẹja mọ̀ ọ́n, nítorí náà wọ́n máa ń gé ọparun, wọ́n á tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ omi. Takọtabo á wọlé, wọ́n á rò pé ilé ni. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, àfìgbà tí mo rí i pé ẹyin wà nínú ọ̀kan lára àwọn ọparun tí wọ́n fà sókè lójú mi. Wọ́n gbọn ọn dànù sómi, wọ́n sì ju òbí rẹ̀ sínú agbọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀, nítorí mi ò ní ọmọ tí mò ń bọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè fi ọparun sílẹ̀ fún oṣù tí ẹyin pọ̀ jù, àwọ̀n ẹ̀ẹ̀rùn á rí nǹkan mú. Àwọn àgbà kan níbẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dá nìkan fi sílẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ni yóò fa tirẹ̀ sókè.

Mo ti ya ìwé onílà méjì yẹn. Orí mẹ́ta ni orúkọ ẹja wà báyìí nínú iṣẹ́ mi: omi ń kún, omi ga, omi ń fà. Àwọn orúkọ kan wà ní orí kejì tí àwọn bàbá pè fún mi láìronú, tí àwọn ọmọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ sì ń bi wọ́n léèrè pé báwo ló ṣe rí.