KÍ Á TÓ WỌLÉ, KÍ Á BÈÈRÈ Ọ̀NÀ ÀBÁJÁDE

Àwọn baba wa mọ gbèsè, wọ́n sì mọ òfin rẹ̀. Ẹni tí ó bá yá owó láyé àtijọ́ lè fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà fún olówó. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó ni èlé, kì í dín ojú owó kù. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ìyà ni ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀kùn: ọjọ́ tí ojú owó bá pé, ọjọ́ náà ni ìwọ̀fà ń lọ sílé.

Gbèsè kan wà lóde òní tí a kò ṣe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sí. Nítorí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ìlú òyìnbó ni a ṣe ń kọ̀wé yìí, àti nítorí àwọn òbí àti olùkọ́ ní Isolo-Opin, Osi àti Iloffa, tí wọ́n ń fi ọ̀ràn wọn lọ̀.

Timeshare ni orúkọ ọjà náà. A ó pín ilé ìgbafẹ́ kan láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ra ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ́dún. Owó àkọ́san kọ́ ni ìdẹkùn, bí kò ṣe owó ìtọ́jú ilé tí a ń gbà lọ́dọọdún. Ẹni náà ìbáà lọ, ìbáà má lọ, yóò san án. Bí kò bá san, wọn kò ní jẹ́ kí ó wọlé, wọn a fi èlé lé e, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́ rò pé òun ti jáde. Kò tíì jáde rárá. Ọ̀pọ̀ àdéhùn àtijọ́ ni kò tilẹ̀ ní iye ọdún tí yóò parí.

Àwọn ìjọba kò káwọ́ gbera. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2011 fún olùrà ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Olùtà kò sì gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyí. Ní Spain, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Bìrìtéènì ti ra irú ilé bẹ́ẹ̀, òfin ọdún 1998 fi ààlà àdéhùn sí 50 ọdún. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ fagi lé àdéhùn aláìlópin kan.

Kí ni ẹni tí ọjọ́ 14 ti kọjá lórí rẹ̀ yóò ṣe? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ó ka ìwé àdéhùn rẹ̀: ọjọ́ tí ó fọwọ́ sí i, iye ọdún, àti orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ dè é. Kí ó kọ̀wé sí àwọn alábòójútó ilé náà pé òun fẹ́ dá ìpín òun padà. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ bèèrè gbèsè tí ó wà nílẹ̀. Kí ó dúnàádúrà, kí ó sì gba ìwé tí ó sọ pé ọ̀ràn ti parí. Ní Bìrìtéènì, Citizens Advice ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ó sì ṣọ́ra fún olùgbàlà tí ń gba owó ṣáájú. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ìpínlẹ̀ Wisconsin gbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́, wọ́n ní wọ́n ti gba ohun tí ó ju mílíọ̀nù 90 dọ́là lọ́wọ́ àwọn tí ń wá ọ̀nà àbájáde.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá kú, tí lẹ́tà gbèsè sì dé, ẹ má ṣe fi ìtìjú fọwọ́ sí i. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun ìní olóògbé ni a fi ń san gbèsè rẹ̀. Ẹbí tí kò fọwọ́ sí ìwé kì í fi àpò ara rẹ̀ san án.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìbéèrè kan péré kí wọ́n tó rìnrìn-àjò: “Bí mo bá wọlé, ọ̀nà wo ni n ó gbà jáde?” Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.