Ẹ Máa Wo Àgùntàn Yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Bago, ní Kambolé, ní Tchamba àti ní agbègbè Sokodé ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹ ti ń kà á, ẹ rọra kà á. Kò sí ẹni tí ń lé wa.

Ọ̀rọ̀ àgùntàn ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ lè sọ pé, "Àgùntàn kẹ̀? Ta ni kò mọ àgùntàn?" Òótọ́ ni. Láti kékeré ni a ti ń bá wọn gbé. Wọ́n ń sùn sí ẹ̀yìn ilé wa, wọ́n ń jẹ èèpo iṣu wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ní àárọ̀ òní, èwo nínú àwọn àgùntàn yín ló kọ́kọ́ jáde? Èwo ló kẹ́yìn?

Bí ẹ kò bá lè dáhùn, ẹ má bínú sí mi. Ìgbà kan wà tí èmi náà kò lè dáhùn. Ní ọdún náà mo ní àgùntàn mọ́kànlá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo rí abo kan tó dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó sorí kọ́. Àwọn yòókù ń jẹ èèpo iṣu, òun kò jẹ. Mo ní, "Bóyá ó ti yó." Mo lọ jẹun tèmi. Ní ọjọ́ kẹta, ikun ń dà ní imú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, ó kú. Kí oṣù náà tó parí, mẹ́fà mìíràn ti tẹ̀ lé e. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi wà nínú àwọn mẹ́fà yẹn. Abo yẹn ti sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni n kò gbọ́.

Kí ló dé tí a kì í tètè gbọ́? Ìdí ni pé àgùntàn kì í pariwo àìsàn. Ẹ fọwọ́ kan ewúrẹ́ níbi tó ń dùn ún, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Àgùntàn yóò dákẹ́. Nínú igbó, àmọ̀tẹ́kùn àti ìkookò a máa wá èyí tó ń tiro nínú agbo kí wọ́n lè mú un. Nítorí náà àgùntàn a máa fi àìlera rẹ̀ pamọ́. Ìkookò kò sí lẹ́yìn ilé wa mọ́, ṣùgbọ́n ìwà náà kò kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí i tó dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde, àìsàn náà ti pẹ́ lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè fi pamọ́. Àgùntàn kì í fẹ́ dá wà. Bí wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jẹ pọ̀. Bí wọ́n ń sá, wọ́n ń sá pọ̀. Èyí tó bá dá dúró, tàbí tó ń kẹ́yìn nígbà tí agbo ń rìn, ẹ lọ wò ó ní ọjọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ bímọ. Ó lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ń sùn sí ibì kan. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, ó yẹ kí ẹ mọ̀.

Ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ máa wò wọ́n lójúmọ́. Kò gba àkókò púpọ̀. Èkíní ni ìgbà tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ní àárọ̀. Àgùntàn tí ara rẹ̀ le a na ara, a tọ̀, a sì wá oúnjẹ lọ. Ẹ wo ìgbẹ́ tó wà nílẹ̀. Bí kóró kóró ni ó yẹ kó rí. Bí ó bá ṣàn, ẹ wo ìdí wọn láti mọ ẹni tó ni ín.

Èkejì ni ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú. Wọn a dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, wọn a máa jẹ àpọ̀jẹ. Àwọn kan nínú yín rò pé ìmẹ́lẹ́ ni. Rárá o, iṣẹ́ ni. Koríko tó gbé mì kíákíá ní àárọ̀ ni ó ń dá padà sí ẹnu láti rún un kúnná. Bí a bá ka tọ̀sán tòru pọ̀, ó ń lo nǹkan bí wákàtí 8 lórí iṣẹ́ yìí. Èyí tó dùbúlẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò mì rárá, ẹ fura sí i. Ẹ wo ikùn rẹ̀ ní apá òsì. Bí ó bá wú tó sì le bí awọ ìlù, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, kò sì ní àkókò láti fi ṣòfò.

Ẹ̀kẹta ni ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń wọlé. Ẹ kà wọ́n. Ẹ wo ẹni tó ń tiro.

Ẹ wo ojú wọn pẹ̀lú. Ẹ rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Inú rẹ̀ yẹ kó pupa. Bí ó bá ti ń funfun, aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Aràn kékeré kan ni, inú ikùn àgùntàn ni ó ń gbé. Bí ó bá pọ̀ gan-an, omi a kó sí abẹ́ àgbọ̀n ẹran náà, ó sì lè kú láì yàgbẹ́ gbuuru rárá. Ní Gúúsù Áfíríkà, láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn dókítà ẹran ya àwọ̀ márùn-ún sórí káàdì kan, láti pupa dé funfun, kí àgbẹ̀ lè fi wé ojú àgùntàn rẹ̀. FAMACHA ni wọ́n pè é. Ẹni tí ojú rẹ̀ funfun ni wọ́n ń fún ní oògùn. Wọn kì í fún gbogbo agbo, nítorí pé bí a bá ń da oògùn kan náà sí gbogbo ẹran ní gbogbo ìgbà, aràn a mọ́ oògùn lára, oògùn kò ní pa á mọ́. Ọmọ aràn yìí a máa gun koríko tútù. Nítorí náà, ní àkókò òjò, ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀.

Àwọn àgùntàn wa kékeré, ẹsẹ̀ wọn kúrú. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ń pè wọ́n ní Djallonké, nítorí òkè Fouta Djallon ní ilẹ̀ Gínì. Nígbà tí Iléyá, tí a ń pè ní Tabáskì, bá ń bọ̀, ẹ ó rí àwọn àgbò gíga tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ òkè, etí wọn gùn, ó ń fì. Ojú ń wọ wọn lára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ta mẹ́ta tiyín kí ẹ lè ra ọ̀kan nínú wọn, ẹ rántí pé àwọn kékeré yìí ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsé-tsé ń fà. Àwọn gíga kò lè fara dà á bẹ́ẹ̀. Ní tèmi o, mo fi ara mọ́ kékeré wa.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àrùn tó pa tèmi. PPR ni àwọn dókítà ń pè é. Ní Nàìjíríà, àwọn olówò ẹran ń pè é ní kata. Ara ẹran a gbóná, ipin a dí ojú rẹ̀, ikun a dà ní imú, egbò a yọ sí ẹnu, a húkọ́, a sì yàgbẹ́ gbuuru. Kì í mú ènìyàn. Ní ọdún 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, ní Côte d'Ivoire. Ní ọdún 2015, àwọn àjọ àgbáyé FAO àti OIE pàdé ní Abidjan, wọ́n sì pinnu pé kí àrùn náà tán lágbàáyé kó tó di ọdún 2030. Irú rẹ̀ tó ń pa màlúù ti tán. Ní ọdún 2011 ni wọ́n kéde pé kò sí mọ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún PPR. Bí wọ́n bá gún un fún àgùntàn lẹ́ẹ̀kan, ó ń dáàbò bò ó fún ọdún 3 ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ẹran tó ṣì ní ìlera ni wọ́n ń gún un fún. Kì í wo èyí tó ti ń ṣàìsàn sàn. Ẹ pe dókítà ẹran kí àrùn tó dé.

Bí ó bá sì ti dé ńkọ́? Ẹ ya aláìsàn sọ́tọ̀, kí ó má bá àwọn yòókù mu omi pọ̀. Ẹ má gbé e lọ sí ọjà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Ẹni tí ẹran rẹ̀ ń kú fẹ́ rí nǹkan gbà padà. Ṣùgbọ́n ẹran kan tó ń ṣàìsàn ní ọjà Tchamba lè gbé àrùn dé abúlé mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹran tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà, ẹ so ó sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó bá tiyín lò pọ̀. Ọ̀kan tí mo rà ní olówó pọ́ọ́kú, tí mo tú sáàárín agbo mi ní ọjọ́ kan náà, òun ló mú un wá bá mi.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí ikú, ká wá sórí ìbí.

Imú àgbò dára ju ojú ènìyàn lọ. Bí abo bá ń wá akọ, ẹ̀yin lè má rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbò a gbóòórùn ìtọ̀ rẹ̀, a gbé orí sókè, a ká ètè òkè. Bí abo bá dúró tí àgbò sì gùn ún, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí ọjọ́ 16 tàbí 17 bá kọjá tí kò tún wá akọ, ó ṣeé ṣe kó ti lóyún. Nǹkan bí ọjọ́ 150, ìyẹn oṣù márùn-ún, ni yóò fi gbé oyún náà. Ẹ sì pààrọ̀ àgbò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọmọ tí ó bí.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ọmú a kún. Abo a kúrò láàárín agbo, a máa fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, a dùbúlẹ̀, a tún dìde. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dúró sí òkèèrè, kí ẹ sì lé ajá. Bí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀, ìyá a bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Nígbà tó ń lá a yìí ni ó ń kọ́ òórùn ọmọ rẹ̀. Láàárín wákàtí kan tàbí méjì ni ó ń mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà kò ní fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ má wẹ ọmọ náà. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa gbé e kiri. Bí òórùn ọwọ́ wa bá bo òórùn tirẹ̀, ìyá lè kọ̀ ọ́. Bí ìyá bá ti kọ̀ ọ́, ẹ fi omi ibi rẹ̀ pa ọmọ náà lára, kí ẹ sì di ìyá mú kí ọmọ mu ọmú.

Wàrà àkọ́kọ́ nípọn, ó sì pọ́n. Ẹ má fún un dànù. Òun ni ààbò ọmọ náà, ó sì yẹ kí ó mu ún kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Bí ìbejì bá ni, ẹ ṣọ́ra, nítorí ìyá lè dìde tẹ̀ lé ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rán ọmọ lọ kó àgùntàn wálé, ẹ sọ fún un kó má ṣe sáré pẹ̀lú pàṣán. Ojú àgùntàn wà ní ẹ̀gbẹ́ orí. Ó ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń rí púpọ̀ nínú ẹ̀yìn rẹ̀ láì yí orí padà. Ẹni tó bá sáré tọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn ń tú agbo ká ni. Kí ọmọ náà rìn jẹ́ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí ọ̀kan bá yí padà sọ́nà ilé, àwọn yòókù a tẹ̀ lé e.

Wọ́n sì ń rántí o. Ní ọdún 2001, Keith Kendrick àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Babraham, nítòsí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àgùntàn lè mọ ojú 50 àgùntàn mìíràn, kí ó sì rántí wọn fún ju ọdún 2 lọ. Ní ọdún 2017, àwọn mìíràn ní Cambridge kọ́ àgùntàn mẹ́jọ láti mọ ojú Obama nínú àwòrán. Àgùntàn tí kò rí Obama rí! Tiyín tó ń rí yín lójoojúmọ́ ńkọ́? Ó mọ ẹni tó ń fún un ní iyọ̀, ó sì mọ ẹni tó ń sọ òkò lù ú. Ẹni kan náà ni kó máa fún wọn ní oúnjẹ, kó sì máa ní iyọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí dókítà ẹran bá dé, kò ní sí eré sísá.

Láti ìgbà tí iṣu bá ti hù títí di ìkórè, a ń so àgùntàn mọ́lẹ̀ kó má ba oko olóko jẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ìjà oko pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹran tí a so kò lè wá ibòji, kò lè wá omi. A máa yí èèkàn ká títí okùn yóò fi tán. Ẹ gbé èèkàn sí ibòmíràn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì gbé omi lọ bá a ní ọ̀sán.

Ó ku ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ fún àgùntàn kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ tàbí àmì rẹ̀ sí òkè. Báyìí ni ojú ìwé kan ṣe rí nínú ìwé tèmi:

Abo elétí dúdú.
Àgbò gùn ún: 3 oṣù kẹfà.
Yóò bí: nǹkan bí 31 oṣù kẹwàá.
Ojú: ó pupa.
Abẹ́rẹ́ PPR: ó ti gbà á.
Lánàá: òun ló kẹ́yìn. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gún ni. Mo yọ ọ́.