Ohùn Ẹnu Ọmọ Ni Ìpìlẹ̀ Ẹ̀kọ́ Orin

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ onílù kan wà ní kíláàsì wa tí ó lè fi ìlù ki gbogbo àgbà àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí àkókò ẹ̀kọ́ orin bá dé, òun ni ó máa ń gba òdo, nítorí pé kò lè ka àmì orin tí olùkọ́ kọ sórí ìlà márùn-ún. Lójú tèmi, kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ orin. Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni a kò mọ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ ni Zoltán Kodály (1882–1967) ṣe ní ilẹ̀ Húngárì: orin ìbílẹ̀ àwọn ọmọ náà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì lo àmì ọwọ́ tí John Curwen fi ń kọ́ni ní dò-re-mí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ Yorùbá ti ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó mọ ìwé. Nítorí náà, kí olùkọ́ ní kí wọ́n pe ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́; kí wọ́n sì kùn wọ́n láìla ẹnu: re-dò, re-re, re-mí. Kí ọmọ kan wá fi gángan sọ ọ̀kan, kí àwọn yòókù mọ èyí tí ó sọ. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ ṣọ́ra: dò-re-mí ti ọ̀rọ̀ ń sọ ohùn tí ó ga ju èkejì lọ nìkan, ti orin ń sọ ìwọ̀n tí ó fi ga jù ú.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi gbólóhùn kékeré kọrin: “Ọkọ̀ mi dà?” Bí orin bá gbé òpin ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sókè, ẹni tí ń wá ọkọ̀ di ẹni tí ń wá ọkọ́. Kíláàsì yóò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ́ yóò sì wọlé. Irú àṣìṣe yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì tí a kò sì pa ohùn orin rẹ̀ dà. Ekúndayọ̀ Phillips sọ̀rọ̀ lórí ìbáṣepọ̀ ohùn ọ̀rọ̀ àti orin nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953.

N kò ní kí a ju ìlà márùn-ún nù. Ẹ jẹ́ kí ó dé lẹ́yìn tí etí bá ti là. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ onílù tí à ń fún ní òdo ni yóò di igbákejì olùkọ́.